Òpó Ọ̀yọ́, Kìnnìún Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ère Ara Ilé Run

Kìnnìún ti kúrò nínú igbó Ògbómọ̀ṣọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lórí ilé. Ẹni tó bá ń rìn láàárín àwọn agbo ilé àtijọ́ ìlú náà, tó gbójú sókè kọjá páànù tó ti dípẹtà àti wáyà iná, yóò rí i pé àwọn baba tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fi ògiri sílẹ̀ lófìfo. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi ọwọ́ mọ di òdòdó lábẹ́ fèrèsé. Ó di òpó roboto tó dé adé. Ó di orúkọ onílé àti ọdún tí iṣẹ́ parí, níwájú ilé lókè pátápátá. Nígbà mìíràn ó di ẹranko tó lúgọ sórí òpó ẹnu géètì, tó ń wo gbogbo ẹni tó ń wọlé. Ní Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ, igi ni àṣà náà fi bẹ̀rẹ̀: òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbẹ́nàgbẹ́nà sọ di ẹlẹ́ṣin, abiyamọ àti jagunjagun.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ń run lójú gbogbo ayé, kì í sì í ṣe ogun ló ń run wọ́n. Òrùlé ló ń jò tí ẹnikẹ́ni kò gùn un lọ tún ṣe. Ikán ló ń jẹ ìdí òpó. Ọmọ ló wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun, tó fẹ́ wó ilé bàbá rẹ̀ kí ó lè fi bọ́lọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Oníṣòwò ló ń wọ agbo ilé wá pẹ̀lú owó lọ́wọ́, tó ń béèrè bóyá wọ́n á ta ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àtijọ́. Ibi tí ère ara ilé ti wúlò jù lọ ni ara ilé tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Àwọn tó lè dá a dúró síbẹ̀ kò jìnnà: ẹbí tó ni ilé, ààfin, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nínú ìlú méjèèjì. Bí wọ́n bá ń dúró de Àbújá, ilẹ̀ yóò ṣú bá wọn.

Àṣà yìí kì í ṣe ti àná. Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, wọ Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ní oṣù kìíní ọdún 1826, tí Richard Lander wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó rí lára ilé kò ṣeé gbójú fò. Nínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ìlú náà fẹ́ràn láti gbẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn àti sára òpó tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ró, àti pé ère ọkùnrin àti obìnrin wà ní ìdúró nínú àgbàlá. Ó dárúkọ àwọn àwòrán náà pàápàá: òjòlá tó fi ẹnu há ẹran, àwọn ọkùnrin tó ń mú ẹrú, àti ẹni tó wà lórí ẹṣin tó ń kó ẹrú lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìyẹn ní ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi ṣẹ́gun àwọn ìlú tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn títí dé Dàhòmì. Ẹrú títà sì wà nínú ohun tó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ohun tó gbé ìjọba ró gan-an ni gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ sára ohun tó gbé òrùlé ró, kò sì fi èyí tó burú níbẹ̀ pamọ́. Òpìtàn tó bá fẹ́ mọ bí Ọ̀yọ́ ṣe ń wo ara rẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ kò lè rí ẹlẹ́rìí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn àlejò náà, Ọ̀yọ́-Ilé tú. Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́-Ọ̀jà, ó sọ ọ́ di Ọ̀yọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ó sì sapá láti tún gbogbo ètò ààfin tò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: oyè, àdúgbò, ọdún, àti ìrísí ilé ọba. Ènìyàn lè ṣí kúrò nílùú, ṣùgbọ́n òpó ilé kì í bá a ṣí. Ohun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀yọ́-Ilé fi sílẹ̀ wà lábẹ́ igbó tó ti di Old Oyo National Park, òjò àti ikán sì ti ṣe tiwọn. Lónìí, ọ̀rọ̀ àlejò nínú ìwé ló kù tí a fi mọ bí ara ilé wọn ṣe rí. Bí ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè pàdánù gbogbo ère ara ilé rẹ̀ láàárín ìran kan, ó yẹ kí ẹ̀rù ba àwọn tó jogún rẹ̀.

Samuel Johnson, àlùfáà tó sìn ní Ọ̀yọ́ tó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣàlàyé pé àmì kan wà tí a fi ń mọ ààfin ọba yàtọ̀ sí ilé ẹlòmíràn. Kọ̀bì ni wọ́n ń pè é, ilé kékeré tó yọ síwájú ògiri pẹ̀lú òrùlé gíga tirẹ̀, tó sì jẹ́ pé òpó ló gbé e dúró. Ọba nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Òpó gbígbẹ́ náà kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé máa ń ní. Ààfin, ilé ìjòyè ńlá àti ojúbọ òrìṣà ni ibùgbé rẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ìbàdàn ní 1910, ọ̀wọ́ òpó gbígbẹ́ tó wà níwájú ojúbọ Ṣàngó ní Agbeni jọ ọ́ lójú débi pé ayàwòrán tó bá a rìn ya gbogbo rẹ̀. Àwòrán yẹn ni àwọn onímọ̀ kárí ayé ṣì ń wò títí di òní.

Wàyí o, àwọn ará Yúróòpù náà ní ère ara ilé tiwọn, ti òkúta. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris yóò rí àwọn ẹranko abàmì tó na ọrùn jáde láti etí òrùlé, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe: òjò tó rọ̀ sórí òrùlé ń gba inú wọn kọjá, ó sì ń tú jáde lẹ́nu wọn sí ibi tó jìnnà sí ògiri, kí omi má bàa jẹ ìpìlẹ̀. Àwọn mìíràn tó jókòó lókè tí kì í tu omi jẹ́ àfikún tí Viollet-le-Duc, ayàwòrán ilé, ṣe nígbà tó ń tún ilé náà ṣe láàárín 1844 sí 1864. Nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019, ilẹ̀ Faransé kó àwọn agbẹ́kùúta àti káfíńtà jọ, wọ́n sì tún un ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024.

Ilé Yorùbá àtijọ́ gba òjò ní ọ̀nà mìíràn. Kò lé omi jìnnà. Òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sínú àgbàlá, omi ń sàn wá sí àárín ilé, ìkòkò àti àmù wà nísàlẹ̀ tó ń gbà á fún mímu àti fífọ̀. Níbi tí òrùlé náà ti parí, tí omi ti ń já bọ́, ibẹ̀ gan-an ni òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró sí. Ibi kan náà, níbi tí òrùlé àti òjò ti pàdé, ni àwọn ènìyàn méjèèjì fi ère sí. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti Paris wà lókè lóhùn-ún, ó kọjú sí ìta. Ti Ọ̀yọ́ wà nínú ilé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ènìyàn dọ́gba. Ẹni tó wá rojọ́ lọ́dọ̀ ọba, ẹni tó wá san ìṣákọ́lẹ̀, ìyàwó tuntun, àlejò tó ń dúró kí wọ́n pè é wọlé, gbogbo wọn ló jókòó lójú àwọn ère náà.

Kì í sì í ṣe pé Yorùbá kò mọ òkúta gbẹ́. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ òkúta akọ tó ga ju mítà 5 lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára, Ọ̀rànmíyàn yìí kan náà ni ìtàn sì sọ pé ó tẹ Ọ̀yọ́ dó. Ní Èsìẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ère òkúta tó lé ní 1,000 wà, ọkùnrin àti obìnrin tó jókòó pẹ̀lú irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀ ní 1945. Ṣùgbọ́n òkúta Èsìẹ́ rọ̀, ó ṣeé fi ọ̀bẹ gbẹ́. Òkúta akọ tó wà káàkiri Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ le bí irin. Igbó ìgbà náà sì kún fún ìrókò àti apá. Igi ni ọgbọ́n ilé gbà, igi ni wọ́n lò.

Gbígbẹ́ òpó kan ní ìpele tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́ sì ní orúkọ fún ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà lílé ló ṣáájú: àáké á la ìtì igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Àlétúnlé tẹ̀lé e, níbi tí ojú, apá àti ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ti ń hàn. Dídán ni ẹ̀kẹta, kí ara igi lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló gbẹ̀yìn, ìgbà tí ọ̀bẹ kékeré ń fa ilà ojú, irun àti ìlẹ̀kẹ̀. Láti ilé gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ́ẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti wá. Ó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngán Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1987, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn tí ọgbọ́n ọwọ́ wọn jẹ́ ìṣúra ènìyàn ní 2006, ọdún mẹ́ta kí ó tó jáde láyé.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, títọ́jú ilé ọba kò já lé ọba nìkan léjìká. Ọdún Bẹẹrẹ wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin á gé koríko bẹẹrẹ, wọ́n á gbé e wá sí Ọ̀yọ́ kí wọ́n fi tún òrùlé ààfin bò. Ìlú tó gbé koríko wá ti fi hàn pé òun ṣì wà lábẹ́ ọba, èyí tí kò gbé e wá ti ń wá ìjà. Ìjọsìn, òṣèlú àti àtúnṣe ilé pàdé nínú ọdún kan ṣoṣo. Òpó tó wà lábẹ́ òrùlé náà sì ń gbádùn rẹ̀, nítorí òpó tí òrùlé rẹ̀ kò jò kì í jẹrà kíákíá. Páànù ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ koríko. Ó dára, ó sì pẹ́ ju koríko lọ. Ṣùgbọ́n ojúṣe tó máa ń kó gbogbo ìlú wá sábẹ́ òrùlé lọ́dọọdún bá koríko lọ, ohunkóhun kò sì rọ́pò rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí ogun ń tú àwọn ìlú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, odi ìlú Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, dúró, àwọn tí ogun lé sì rọ́ wá síbẹ̀. Nígbà tí rélùwéè dé, ó gba Òṣogbo ní 1907, ó sì kọjá lọ sí Ìlọrin, kò yà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ ìlú náà wá fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ọjà lọ. Wọ́n di oníṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò, àti káàkiri àríwá Gánà títí dé Tàmálè. Lálẹ́, wọ́n ń sùn sẹ́yìn ìsọ̀. Owó tí wọ́n rí, ilé ni wọ́n ń fi kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Irú ilé wo? Irú èyí tí àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ Yorùbá tó bọ́ lóko ẹrú ní Bùràsíìlì, mú bọ̀ sí Èkó. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà wọn kọ́ ilé alájà pẹ̀lú fèrèsé olórí yíyípo, òpó aládé àti òdòdó símẹ́ńtì. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní oṣù keje ọdún 1894. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn tan iṣẹ́ náà dé òkè, ọwọ́ sì ń gba lọ́wọ́ ọwọ́ títí bíríkìlà ìlú kọ̀ọ̀kan fi ní àrà tirẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960, símẹ́ńtì kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Kìnnìún di ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ bíríkìlà tí kò rí kìnnìún rí láyé rẹ̀ á mọ ọ́n láti ọkàn rẹ̀, á fún un ní ojú ènìyàn àti irun tó dà bí oòrùn.

Iṣẹ́ ọnà gidi ni. Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, kọ̀wé lórí ère símẹ́ńtì Yorùbá láti àwọn ọdún 1950, láti àárín àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Adébísí Àkànjí ti jáde ní Òṣogbo. Bíríkìlà ni. Ọwọ́ tó ń mọ ẹranko símẹ́ńtì fún onílé ló padà mọ ògiri àti ẹnu ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun pẹ̀lú oníṣẹ́ ọnà ará Austria, Susanne Wenger, igbó tí UNESCO fi sí àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Aráyé ń sanwó wọ ọkọ̀ òfurufú láti wá wo iṣẹ́ ọmọ bíríkìlà ní Òṣogbo. Ìbátan iṣẹ́ náà ń gba òjò sára ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni kò ka iye wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá padà wálé pẹ̀lú ẹrù tí orí lè gbé. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ilé tí wọ́n ti fi owó ọjà kọ́ sílẹ̀ ni ohun kan ṣoṣo tí àṣẹ yẹn kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ọdún tó wà lókè iwájú ilé bẹ́ẹ̀ ń sọ ìgbà tí ọjà dára. Òdòdó tó wà lábẹ́ fèrèsé ń sọ pé onílé gbàgbọ́ pé òun yóò padà wá gbé inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ ọ kúrò láìya fọ́tò rẹ̀, ẹ̀rí ìran kan ló lọ yẹn.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ère bá kúrò lára ilé? Ẹ wo ti Ìkẹ́rẹ́. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọba lórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Art Institute of Chicago láti 1984. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin kan náà kọjá sí London ní 1924 fún àfihàn ńlá Wembley, British Museum sì fi àga ìtẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n òpó tó wà nínú gíláàsì kò gbé òrùlé kankan ró mọ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ gba físà. Òfin wà nílé: àṣẹ ọdún 1974 ka ríra àti títa irú ohun bẹ́ẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda léèwọ̀. Òfin náà kò lè dúró sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé ní òru, nígbà tí ọmọ ilé fúnra rẹ̀ bá ń bá oníṣòwò sọ̀rọ̀.

Òfin tó ń dáàbò bo ilé náà ní àléébù kan náà. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinubu, Èkó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, wà nínú àkójọ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ilé Àgùdà tó lẹ́wà ni, pẹ̀lú irin ọnà àti ọnà símẹ́ńtì rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katapílà wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba. Bí èyí tó wà nínú ìwé ní àárín gbùngbùn Èkó kò bá bọ́, kí ni yóò gba èyí tí kò sí nínú ìwé kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Àwọn tó ní ìdí láti wó ilé kì í ṣe ọ̀tá, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ wà: ẹbí ogún ènìyàn tó jogún ilé oníyàrá mẹ́jọ nílò ibi tí wọn yóò sùn, ọnà kò sì bo ènìyàn lóru. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí kò wó nítorí pé wọ́n gbó. Wọ́n wó nítorí pé ẹbí kò fohùn ṣọ̀kan lórí ta ni yóò ra páànù. Páànù díẹ̀ lásìkò ló máa ń gba ilé là, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti ilé bọ́lọ́ọ̀kù tuntun tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò tíì rí kọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ń rí òpó gbígbẹ́, wọ́n ń rí òrìṣà. Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn kan lára àwọn òpó náà wà fún òrìṣà lóòótọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò sí fún un: ẹlẹ́ṣin inú ààfin jẹ́ jagunjagun, kìnnìún orí ilé jẹ́ ẹ̀ṣọ́, àwọn tó fi í síbẹ̀ sì lè jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tàbí ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láàárín 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá jọ láti gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère ìtàn Bíbélì fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni Fákẹ́yẹ, tó jẹ́ mùsùlùmí, ti ṣe iṣẹ́. Ẹ̀sìn méjèèjì ti jẹ nínú ọgbọ́n yìí rí, wọn kò sì bàjẹ́.

Àpẹẹrẹ tó yẹ kó ká àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ lára jù lọ wà ní ìwọ̀-oòrùn, ní Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì àtijọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Àwọn ọba rẹ̀ kò ní òpó bíi ti Ọ̀yọ́. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ àwòrán sára ògiri ààfin wọn, kìnnìún, ẹja, ọkọ̀ ojú omi àti ogun, tí wọ́n kun àwọ̀ sí. Amọ̀ sì rọrùn láti bàjẹ́ ju igi lọ. UNESCO gba àwọn ààfin náà sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1985, ó sì fi wọ́n sí abẹ́ ewu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láàárín 1993 sí 1997, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ilé iṣẹ́ Getty ti Amẹ́ríkà jọ tún 50 nínú àwọn àwòrán ara ilé Ọba Glele ṣe, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ìlú náà ní bí wọn yóò ṣe máa bá a lọ. Ní 2007, Àgbómẹ̀ kúrò lábẹ́ ewu. Ohun tí ìlú tó ń sin Ọ̀yọ́ rí lè ṣe, kò yẹ kó ga ju Ọ̀yọ́ lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíkà. Ọ̀yọ́ ní Federal School of Surveying, ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Ògbómọ̀ṣọ́ ní LAUTECH, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ayàwòrán ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́dọ̀ wọn nǹkan kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí lè wọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan dípò pápá òfìfo. Kí wọ́n ya fọ́tò òpó, ilẹ̀kùn àti ọnà símẹ́ńtì rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ, ibi tó ti ṣòwò àti bíríkìlà tó ṣe é bí àgbà ilé bá ṣì mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹbí, ẹ̀dà kan fún ààfin, ẹ̀dà kan fún ìjọba ìbílẹ̀. Bí ilé bá tilẹ̀ wó lẹ́yìn náà, òun kọ́ ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà nínú ìlú méjèèjì: Àtìbà, Ọ̀yọ́ Ìlà-Oòrùn, Ọ̀yọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá àti Ògbómọ̀ṣọ́ Gúúsù. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó ilé tó ti wà nínú àkójọ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ fún wọn, kí wọ́n sì fi owó ilé dín fún ẹbí tó bá tún un ṣe. Aláàfin Akeem Abímbọ́lá Owóadé gorí ìtẹ́ ní 2025, Ṣọ̀ún Ghandi Afọlábí Ọláoyè ní 2023. Ọba tuntun ni àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ wọn sì ṣì ń jẹ́ àṣẹ lágbo ilé níbi tí lẹ́tà ìjọba kò dé. Ọdún Bẹẹrẹ lè padà ní ìrísí tuntun: ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò gun òrùlé ilé àtijọ́ kan, tí ìlú yóò sì mú páànù àti ìṣó wá bí àwọn baba ṣe ń gbé koríko wá.

Nínú ilé fúnra rẹ̀, ohun tí ó yẹ kò le. Kí ẹ tún òrùlé ṣe kí ẹ tó ronú kan ọ̀dà. Kí ẹ má fi símẹ́ńtì líle rẹ́ ògiri amọ̀ tó ti là, nítorí omi tó wọ inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ògiri á sì máa jẹrà láti inú. Amọ̀ ló bá amọ̀ mu. Bí orí kìnnìún bá já bọ́, kí ẹ má sọ ọ́ sí ààtàn. Kí ẹ fi í pamọ́, bíríkìlà tó mọṣẹ́ lè so ó padà. Bí oníṣòwò bá sì wá béèrè òpó tàbí ilẹ̀kùn, kí ẹ ní kó padà sí ibi tó ti wá.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko, ẹ ó wálé fún Iléyá, fún Kérésì tàbí fún ìsìnkú ní ọdún yìí. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ ya fọ́tò iwájú ilé bàbá yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ bi àgbà tó kù pé ta ni ó mọ ọnà ara rẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ sì dá owó páànù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.